Fìlà Orí Àbúrò Mi

Bí èèyàn bá dárúkọ Igbóbì ní Èkó, egungun ló máa ń sọ sí wa lọ́kàn, nítorí ọsibítù egungun tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtọ́jú àwọn sójà tó fara pa nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Igbóbì ni mò ń gbé, àmọ́ ọ̀rọ̀ orí ni mo fẹ́ sọ.

Nígbà tí màmá mi bí àbúrò mi ọkùnrin, kókó kékeré kan wà ní àwùjẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó pé oṣù mẹ́fà, kókó náà ti tó àgbálùmọ̀ kékeré. Èmi ni mo ra fìlà fún un. Ooru ń mú ọmọ náà, ó ń làágùn, síbẹ̀ mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí fìlà yẹn. Ojú ló ń tì mí.

Ìyá kan nínú ilé wa ní orí burúkú ni ọmọ náà gbé wáyé, ó sì mọ ẹni tó lè fi abẹ́rẹ́ tú kókó náà. Màmá àgbà dá a lóhùn pé, “Orí burúkú kì í wú tuulu.” Ọjọ́ kejì, ọsibítù la gbà lọ.

Dókítà ṣàlàyé pé egungun orí ìkókó kì í tíì pàdé ní àwùjẹ̀. Ó lè jẹ́ ọpọlọ ló yọ síta, ó sì lè jẹ́ àpò omi lásán lábẹ́ awọ. Bó bá jẹ́ ọpọlọ ni, abẹ́rẹ́ yẹn ì bá gbẹ̀mí rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán orí rẹ̀: àpò omi ni. Dókítà ní orúkọ àìsàn náà ni Adeloye-Odeku. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé orúkọ Yorùbá kọ́ nìyẹn?” Ó rẹ́rìn-ín.

Mo wádìí. Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Awẹ́ tí wọ́n bí ní 1927, kẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, ó sì padà sí UCH Ìbàdàn ní 1962. Òun ni oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ní 1971, òun àti Adélọlá Adélóyè kọ̀wé nípa kókó yìí lórí àwọn ọmọ Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà ni àwọn dókítà ilẹ̀ mìíràn rí i lórí ọmọ tiwọn náà. Ọdẹ́kù kú ní 1974, lẹ́ni ọdún 47.

Ohun kan ò kúrò lọ́kàn mi. Kí àwọn dókítà méjì yẹn tó lè kọ̀wé, àwọn ìyá kan ti kọ́kọ́ ṣí fìlà lórí ọmọ wọn. Èmi tó kàwé ni mo ń fi fìlà bo ti àbúrò mi.

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Àpá kékeré kan ló kù. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè, mo máa ń fi hàn án, mo sì máa ń dárúkọ àwọn méjèèjì.