Àwọn Àgùnfọn Kouré

Nínú gbogbo ohun tí a kọ́ nípa ilẹ̀ Sàhẹ́lì ní kíláàsì jọ́gíráfì, ọ̀dá ọdún 1973 ni ó dúró sí wa lọ́kàn jù: iyanrìn, egungun màlúù, àti àwọn ènìyàn tí ń ṣí kiri. (Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa tí ẹ máa ń sá fún jọ́gíráfì, ẹ foríjì wá.) Nígbà tí iṣẹ́ Olúwa gbé àwa òjíṣẹ́ mẹ́rin lọ sí Niamey, olú ìlú orílẹ̀-èdè Niger, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2014, àwọn oníṣòwò Yorùbá tí ó gbà wá lálejò ní àwọn yóò mú wa lọ wo àgùnfọn ní Kouré. A béèrè bí ọgbà ẹranko náà ti tóbi tó. Wọ́n ní kò sí ọgbà kankan.

Kouré jìnnà sí Niamey ní nǹkan bí 60 kìlómítà, lójú ọ̀nà Dosso. A sanwó, a gba afinimọ̀nà kan, a sì yà kúrò lórí títì ọlọ́dà. Ilẹ̀ pupa ni, òkúta wẹ́wẹ́, àti igi ẹlẹ́gùn-ún tí kò ga púpọ̀. Ó tó wákàtí kan kí afinimọ̀nà tó ní kí a sọ̀kalẹ̀, kí a fi ẹsẹ̀ rìn. Orí méje ni a rí lókè igi, bí ẹni pé wọ́n ń yọjú wò wá láti fèrèsé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọ̀kan ń fi ahọ́n dúdú gígùn fa ewé láàárín ẹ̀gún. A sún mọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gbọ́ bí ewé ti ń já. Àgbà nínú wa, ẹni tí ó lè wàásù fún wákàtí méjì láìmumi, kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ.

Nítòsí wọn, obìnrin kan ń ṣẹ́ igi ìdáná. Kò wo àgùnfọn, àgùnfọn kò sì wò ó.

Irú àgùnfọn yìí ti wà rí láti Sẹ̀nẹ̀gàl títí dé adágún Chad. Ọdẹ, ọ̀dá àti oko dídá ni ó lé wọn tán. Ní 1996, 49 péré ni ó kù, ní Niger nìkan. Ìjọba fi òfin de pípa wọn, àwọn ẹgbẹ́ aláàbò ẹranko sì ń ran àwọn ará abúlé lọ́wọ́. Wọ́n ti lé ní 600 báyìí. Ní 2018 a kó mẹ́jọ lọ sí Gadabedji, níbi tí a kò ti rí àgùnfọn fún nǹkan bí 50 ọdún.

Ṣùgbọ́n oko olóko ni wọ́n ń jẹ̀. Afinimọ̀nà sọ ọ́ ní èdè Haúsá, ọ̀kan nínú wa sì túmọ̀ rẹ̀, pé wọ́n máa ń wọ oko ẹ̀wà, wọ́n sì máa ń jẹ máńgòrò lórí igi. Ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ kì í pẹ́ ni èyí o! A bi í pé kí ni olóko ń ṣe.

“Wọ́n ń lé wọn ni.”

“Lílé nìkan?”

“Bí a bá pa wọ́n, kí ni ẹ̀yin yóò wá wò?”

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, àwọn agbébọn pa ènìyàn mẹ́jọ ní Kouré: ọmọ ilẹ̀ Faransé mẹ́fà, àti ọmọ Niger méjì, awakọ̀ wọn àti ẹni tí ó ń fi àgùnfọn hàn wọ́n. Láti ìgbà náà ni àlejò ti wọ́n. Àwọn ènìyàn wa ní Niamey ṣì máa ń pè wá lórí fóònù. Wọ́n ní àgùnfọn ṣì wà níbẹ̀, àgbẹ̀ sì ṣì ń lé wọn kúrò lóko ẹ̀wà.