Ìwé Àléébù

Nígbà tí mo rí i pé ètò ìkọ̀wé ọ̀fẹ́ kan ń gbé àmì ohùn orí "ẹ́" sí ẹ̀gbẹ́, ojú tì mí láti sọ ọ́. Ẹni tó ṣeni lóore, ṣé a ó máa ka àléébù rẹ̀ ní gbangba?

Àṣà tiwọn yàtọ̀. Láti 1994 ni àwọn tí ń ṣe Debian, ètò ọ̀fẹ́ tí ń darí kọ̀ǹpútà, ti ní ìwé àléébù: ẹni tó bá rí àṣìṣe a fi í ránṣẹ́, àṣìṣe náà a sì gba nọ́ńbà tirẹ̀. Ní 1997, wọ́n ṣe àdéhùn pé àwọn kò ní fi ìṣòro pamọ́, pé gbogbo ayé ni yóò máa rí ìwé náà.

Mo kọ ẹjọ́ tèmi sínú irú ìwé bẹ́ẹ̀: "Yorùbá kò jáde dáadáa." Ìbéèrè ni wọ́n fi dá mi lóhùn: Ẹ̀dà wo lẹ ń lò? Kí lẹ tẹ̀? Kí lẹ retí, kí lẹ sì rí? Mo padà lọ wò ó fínnífínní. "É" jáde bó ṣe yẹ, "ẹ" náà jáde; ìgbà tí àmì méjèèjì bá pàdé lára lẹ́tà kan ni ìjà ń bẹ̀rẹ̀. Mo kọ èyí, wọ́n sì tún un ṣe.

Àwọn àgbà ní bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré. Ìwé yìí kì í gbàgbé, síbẹ̀ òun ló sọ èmi àti àjèjì di alábàáṣiṣẹ́.