Ọkọ̀ Tó Dákú Kò Tíì Kú

Ọdún 17 ni Gàníyù lò ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ló sì fi ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn tó ń lọ gbé ọkọ̀ tó bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Oṣù tó kọjá ló darí wálé sí Agbówà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ìyá Wàsíù, kò gbé ibòmíràn rí. Ẹja yíyan ló ń rà ní Ejìnrìn, tó ń gbé lọ tà ní Ìkòròdú. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí Sienna, mọ́tò Toyota tó fi ń kó ẹja, ti wà lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé.

GÀNÍYÙ: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Láti ìjẹta ni mo ti ń wo mọ́tò yìí. Kí ló ṣe é gan-an?

ÌYÁ WÀSÍÙ: Kú ìrọ̀lẹ́, Gàní. Jókòó. Ohun tó ṣe é kọ́ ló dùn mí, ohun tí a fi ṣe é ló dùn mí. Ìdájí ọjọ́ kan ni. Mo ti kó ẹja, mo ti kọjá Ìtóìkín, mo ń lọ sí Ìkòròdú. Ni mo bá rí i tí ọwọ́ tó ń wọn ooru ẹ́ńjìnnì ń gòkè. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo pa iná rẹ̀. Omi ti ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀. Páìpù rọ́bà rédíétọ̀ ló bẹ́.

GÀNÍYÙ: Ẹ ṣeun tí ẹ pa á. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni yóò ní òun fẹ́ fi dé Ìmọ̀ta, kí wọ́n tó dé ibẹ̀, ẹ́ńjìnnì ti jó. Páìpù rọ́bà kò tó nǹkan. Lẹ́yìn náà ńkọ́?

ÌYÁ WÀSÍÙ: Awakọ̀ dáńfó kan dúró, ó ní òun á fà mí dé Ìkòròdú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni rí ańgẹ́lì. Ó yọ okùn, ó wọ abẹ́ mọ́tò, ó so ó mọ́ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà. Ó ní kí n fi jíà sí N, kí n máa yí sítíárì. Ó gbéra. Gàní, eré tó ń sá! A kọjá Ìmọ̀ta, a kọjá Òdogunyàn, mo ń fọn fèrè, kò gbọ́. Nígbà tó tẹ bíréèkì níwájú, tèmi le bí òkúta lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Díẹ̀ ló kù kí n kó sí ìdí rẹ̀. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, kò pẹ́ tí wọ́n fi pààrọ̀ páìpù. Ẹ́ńjìnnì dáhùn. Mo fi jíà sí D, mọ́tò kò mira. Mo fi sí R, kò mira. Wọ́n ní jíà ti jó. Mo ní, jíà wo? Rọ́bà ni mo gbé wá! Wọ́n ní ìgbà tí wọ́n ń fà á bọ̀ ló jó.

GÀNÍYÙ: Òótọ́ ni wọ́n sọ. Inú jíà ọ̀tọmátíìkì, ọ́ìlì ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Pọ́ǹpù kan ló ń ti ọ́ìlì náà kiri gbogbo ara rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ló sì ń yí pọ́ǹpù yẹn. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, pọ́ǹpù kú. Ẹsẹ̀ iwájú ló ń wọ́ Sienna yín lọ. Bí wọ́n ṣe ń fà á, táyà iwájú ń yí ṣáàfù, ṣáàfù ń yí irin inú jíà, kò sì sí ọ́ìlì tó ń dé ibẹ̀. Irin ń ha irin, láti Ìtóìkín dé Ìkòròdú.

ÌYÁ WÀSÍÙ: Mo ṣáà fi sí N.

GÀNÍYÙ: Ipò N kàn ń dí agbára ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ láti dé táyà ni. Kò já táyà kúrò lára jíà. Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ nìyẹn. Ìwé tí Toyota máa ń fi sínú ọkọ̀ tuntun kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ìdí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sókè kí ó sì jẹ́ kí táyà iwájú máa yí nílẹ̀. Iwájú ni kí wọ́n gbé sókè, kí táyà ẹ̀yìn máa tẹ̀ lé e.

ÌYÁ WÀSÍÙ: Ṣé gbogbo mọ́tò ló rí bẹ́ẹ̀ ni? Nígbà tí a wà ní kékeré, wọ́n ń fa Peugeot 504 kiri Agbówà yìí, kò sí ohun tó ṣe é.

GÀNÍYÙ: Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń ti 504, jíà ọlọ́wọ́ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Jíà ọlọ́wọ́ máa ń fara da ìyà ju ọ̀tọmátíìkì lọ. Mọ́tò ti yí padà, àwa kò yí ọwọ́ padà. Ẹ wo àwọn jíìpù tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọn ń ṣiṣẹ́ pọ̀: bí ẹ bá gbé méjì sókè tí ẹ fi méjì sílẹ̀, ẹ ti bà á jẹ́ nìyẹn. Orí pẹpẹ ọkọ̀ agbọ́kọ̀ ni gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó ń lo iná mànàmáná pọ̀ mọ́ epo. Táyà rẹ̀ tó ń yí nílẹ̀ lè máa pèsè iná sínú ẹ̀rọ tí kò yẹ kí iná wà.

ÌYÁ WÀSÍÙ: Ó dára. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè. Níbo ni èmi yóò ti rí ọkọ̀ pẹpẹ lójú ọ̀nà Ìtóìkín ní agogo márùn-ún ìdájí? Bí mo bá rí i, iye tó máa gbà lè ju èrè ẹja ọ̀sẹ̀ kan lọ. Obìnrin kan ṣoṣo nínú òkùnkùn, igbó lọ́tùn-ún, igbó lósì, ẹja ń rùn lẹ́yìn rẹ̀. Ìwọ ń sọ̀rọ̀ Lọ́ńdọ̀nù. Èmi ni mo wà níbẹ̀.

GÀNÍYÙ: Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n mi, n kò ní bá yín jiyàn. Ẹ̀mí ṣáájú jíà. Kí a fà á kúrò níbi tí ewu wà, kò burú. Kí a rọra fà á dé ilé epo tàbí ibi tí àwọn ọlọ́pàá wà, jíà lè fara dà á. Ṣùgbọ́n dé Ìkòròdú kọ́, lórí eré kọ́. Ẹ ò bá ti kó ẹja sínú bọ́ọ̀sì mìíràn kí ẹ jẹ́ kí mọ́tò dúró síbẹ̀.

ÌYÁ WÀSÍÙ: Kí ó dúró síbẹ̀ títí di ìgbà wo?

GÀNÍYÙ: Títí ẹni tó máa tún un ṣe á fi wá bá a. Ohun tí mo kọ́ nídìí iṣẹ́ mi ní Lọ́ńdọ̀nù nìyí, òun ló sì wà lọ́kàn mi jù. Ní ọdún 1905 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ tí wọ́n ń pè ní AA sílẹ̀ ní Ìlú Ọba. Títí di òní, bí ọkọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ bá dúró, mẹkáníìkì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń rán lọ bá a, kó gbìyànjú láti tún un ṣe níbẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe ni wọ́n ń ronú àtigbé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwa ń ṣe níbi tí mo ti ṣiṣẹ́.

ÌYÁ WÀSÍÙ: Dúró ná. Ọ̀kadà tó máa gbé mẹkáníìkì wá láti Ìmọ̀ta, pẹ̀lú páìpù lọ́wọ́ àti kẹ́ẹ̀gì omi, èló ni?

GÀNÍYÙ: Ẹ̀yin lẹ mọ ìyẹn jù mí lọ.

ÌYÁ WÀSÍÙ: Owó ẹja péréte ni. Há! Gàní, owó ẹja péréte ni. Jíà tòkúnbọ̀ tí wọ́n ní kí n rà, gbogbo owó tí mo fi ń ṣòwò ni.

GÀNÍYÙ: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí n wo abẹ́ rẹ̀. Ẹ wò ó, ara apá tó gbé táyà dúró yìí ló so okùn mọ́. Ó ti tẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so okùn mọ́ bọ́ḿpà, tàbí irin tó ń yí táyà, tàbí ṣáàfù mọ́ láé. Àwọn tó ṣe mọ́tò ti pèsè ibi tí a óò so ó mọ́.

ÌYÁ WÀSÍÙ: Okùn yẹn náà ń dẹ̀, ó ń fà, ó ń dẹ̀, ó ń fà. Nígbàkigbà tó bá fà, ọrùn mi á mì. Kì í ṣe bí Bàbá wa ṣe ń fa gẹdú nìyẹn.

GÀNÍYÙ: Ẹ ṣì rántí?

ÌYÁ WÀSÍÙ: Báwo ni n kò ṣe ní rántí? Ìwọ kéré nígbà náà. Wọ́n á di ìtì igi pọ̀ lórí ọ̀sà, ọkọ̀ ojú omi á máa wọ́ ọ lọ sí Òkò Bàbá ní Èbúté Mẹ́ta. Bàbá ní awakọ̀ tó mọṣẹ́ kì í já wàrà. Á kọ́kọ́ rọra lọ títí okùn á fi nà tán, ìgbà yẹn ló tó máa fi agbára kún un. Bó bá fẹ́ dúró, kò jẹ́ dúró lójijì, torí gẹdú kò ní bíréèkì. Bí ọkọ̀ bá dúró, igi ń bọ̀ wá kọlù ú ni. Kò sì gbà kí ọmọdé kankan dúró nítòsí okùn tó bá ti le. Ó ní okùn tó bá já ń gé èèyàn.

GÀNÍYÙ: Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí ohun tí wọ́n kọ́ wa ní Lọ́ńdọ̀nù tó ju èyí lọ. Òfin Ìlú Ọba ní okùn láàárín ọkọ̀ méjì kò gbọdọ̀ ju mítà 4.5 lọ, bó bá sì ju mítà 1.5, kí wọ́n jẹ́ kí ó hàn kedere, bíi kí wọ́n so aṣọ mọ́ ọn, kí ẹlòmíràn má baà gba àárín kọjá. Níbí, àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, ní ọkọ̀ tó bá ń fa òmíràn kò gbọdọ̀ sáré ju kìlómítà 45 ní wákàtí kan. Lójú mi, ìyẹn gan-an pọ̀ jù fún okùn. Mo fẹ́ 20.

ÌYÁ WÀSÍÙ: Bíréèkì tó le yẹn ńkọ́? Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù.

GÀNÍYÙ: Ẹ́ńjìnnì ló ń ran ẹsẹ̀ yín lọ́wọ́ láti tẹ bíréèkì, òun náà ló ń mú kí sítíárì fúyẹ́. Bó bá ti kú, ẹ máa tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ìrànlọ́wọ́ yẹn ti tán. Kò túmọ̀ sí pé bíréèkì ti bàjẹ́. Ẹ fi gbogbo agbára ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, á mú. Ẹ má sì yọ kọ́kọ́rọ́ o, bí ẹ bá yọ ọ́, sítíárì lè há mọ́ yín lọ́wọ́.

ÌYÁ WÀSÍÙ: Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé e wálé ńkọ́, jíà kọ̀, kò kúrò ní P. Bátìrì ti kú. Wọ́n fẹ́ fi irin ṣí i.

GÀNÍYÙ: Ẹ wo ihò kékeré yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà. Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tẹ inú rẹ̀, kí ẹ tẹ bíréèkì, jíà á kúrò ní P. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe mọ́tò.

ÌYÁ WÀSÍÙ: Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń wa mọ́tò yìí.

GÀNÍYÙ: Kò sẹ́ni tó fi hàn yín ni. Ọ̀rọ̀ okùn yìí náà ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1916, ní ìlú Chattanooga ní Amẹ́ríkà, mẹkáníìkì kan tó ń jẹ́ Ernest Holmes ló ṣe ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó ń fi ẹ̀rọ gbé ọkọ̀ mìíràn. Ohun tó fà á ni pé mọ́tò ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan já sínú odò, ọ̀pọ̀ ọkùnrin fi okùn àti igi bá a jà fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí wọ́n tó fà á jáde. Ó ti lé ní 100 ọdún tí ẹnì kan ti rí i pé agbára ọwọ́ àti okùn lásán kò tó. Ẹ bá mi ṣí búùtù.

ÌYÁ WÀSÍÙ: Kí lo ń wá?

GÀNÍYÙ: Ìkọ́ irin tí wọ́n ń dè sí iwájú mọ́tò láti so okùn mọ́. Ẹ kọ nọ́ńbà wọ̀nyí náà síbi tí ojú ti rí i: 767 tàbí 112 fún pàjáwìrì ní ìpínlẹ̀ Èkó, 122 fún Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó. Kí nọ́ńbà mẹkáníìkì kan ní Ìmọ̀ta àti ọ̀kan ní Ìtóìkín náà wà níbẹ̀.

ÌYÁ WÀSÍÙ: Wàsíù! Mú bírò wá. Èmi fúnra mi á bá àwọn awakọ̀ sọ ọ́ ní gáréèjì lọ́la. Bí mọ́tò bá dúró, kí wọ́n lọ gbé mẹkáníìkì wá bá a.

Inú búùtù ni wọ́n ti rí ìkọ́ náà, nínú ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ilé-iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kò tíì tú u rí.