Láti Igbó-Ọrà Dé Etíkun: Àwọn Ọmọ Wa àti Gígun Ìgbì Lórí Ẹní Afẹ́fẹ́

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, bí a bá dárúkọ Igbó-Ọrà, òkun kọ́ ni yóò kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn. Ìbejì ni. Oníṣègùn Patrick Nylander, ẹni tí ó ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ náà láàárín ọdún 1972 sí 1982, rí i pé nínú 1,000 ìbí ní apá gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ wa, ìbejì a máa tó 45 sí 50, èyí tí ó pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ibòmíràn láyé lọ fíìfíì. Igbó-Ọrà ni òkìkí ọ̀rọ̀ náà sì kàn jù lọ. Àwọn ará ìlú ní ọbẹ̀ ilasa àti àmàlà ni ó fà á. Àwọn onímọ̀ kò tíì fi ẹ̀rí gbe èyí lẹ́sẹ̀; ní tèmi, mo mọ̀ pé ewé ilá jẹ́ oúnjẹ aṣaralóore, mo sì fi í mọ bẹ́ẹ̀.

Òkun jìnnà sí ibẹ̀. Ó ju 100 kìlómítà lọ sí ìhà gúúsù. Ọ̀pọ̀ ìyá ní Ìdọ̀fin àti ní Ìsàlẹ̀-Ọba ni ó ti tọ́ ọmọ márùn-ún, mẹ́fà dàgbà láìfi ojú kan ìgbì rí. Bí ẹ bá ní kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ lọ ṣeré létí òkun, yóò dá yín lóhùn pé odò kì í gbé ẹni tí kò bá rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ àgbà ni, ṣùgbọ́n n kò rò pé ó tó láti fi dáàbò bo ọmọ ayé ìsinsìnyí. Omi ń rí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wa láìjẹ́ pé a mú wọn lọ sí ibìkan. Ó ń rí i nínú àgbá omi òjò tí ó wà lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, nínú kànga ẹ̀yìnkùlé tí ìdérí rẹ̀ ti jẹrà, nínú ike ìfọṣọ tí a gbàgbé láti dà nù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2021 nìkan, nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni omi pa káàkiri ayé, tí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdámẹ́rin nínú wọn. Bí ọmọ bá sì dàgbà díẹ̀, yóò lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Èkó, tàbí kí ilé-ìwé kó wọn lọ wo etíkun. Ọmọ tí a kò kọ́ ní nǹkan kan nípa omi rí ni yóò kọ́kọ́ sáré bọ́ sínú rẹ̀.

Ẹ má sì ṣe rò pé òkun jẹ́ àjèjì sí Ìbàràpá pátápátá. Odò Òfìkì tí ó gba ilẹ̀ náà kọjá ń lọ dà pọ̀ mọ́ Ọ̀yán, Ọ̀yán ń dà sínú Ògùn, odò Yemọja, Ògùn sì ń gba Abẹ́òkúta lọ sí ọ̀sà Èkó, níbi tí omi ti ń bọ́ sínú òkun. Àwọn baba ńlá wa pẹ̀lú mọ ọgbọ́n fífi ohun tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ léfòó. Kí afárá tó dé, bí odò Ògùn bá kún, igbá ńlá tí inú rẹ̀ ṣófo, tí a dí ẹnu rẹ̀ pinpin, ni àwọn atukọ̀ fi ń gbé èrò kọjá. Èrò yóò gbé àyà lé igbá, yóò dì í mú ṣinṣin, atukọ̀ yóò sì lúwẹ̀ẹ́ tì í dé òdìkejì. Àwọn àlejò òyìnbó ìgbà náà kọ ọ́ sínú ìwé wọn pẹ̀lú ìyanu. Ẹní afẹ́fẹ́ tí mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, àbúrò igbá náà ni.

Gígun ìgbì pàápàá kì í ṣe àṣà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní àwọn ọdún 1640, ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Michael Hemmersam wà ní etíkun ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn òbí ibẹ̀ a máa so ọmọ mọ́ pákó, wọn a sì jù ú sínú omi kí ó lè kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. (Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe dán èyí wò.) Ní nǹkan bí 40 ọdún lẹ́yìn rẹ̀, Jean Barbot, ọmọ ilẹ̀ Faransé, rí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ létí òkun Elmina tí wọ́n ń ṣeré láàárín ìgbì. Àwọn kan fi àjákù pákó sábẹ́ ikùn, àwọn mìíràn sì fi ìdì koríko etídò. Ọmọdékùnrin wà níbẹ̀, ọmọdébìnrin náà wà níbẹ̀, kí àwọn tí ń sọ pé eré omi kò yẹ obìnrin lè gbọ́. Ní àwọn ọdún 1830, James Edward Alexander tún rí àwọn ọmọkùnrin Àkra tí wọ́n gbé pákó fúyẹ́fúyẹ́ sábẹ́ ikùn, tí wọ́n lúwẹ̀ẹ́ lọ sí iwájú, tí wọ́n dúró de ìgbì, tí ìgbì náà sì gbé wọn padà sí ilẹ̀.

Ìdì koríko ni ó wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Ó rọ̀, ó fúyẹ́, ó gba ìrísí ikùn ọmọ, bí ó bá sì gbá ọmọ mìíràn, kò ní fọ́ ọ lórí. Ohun tí ẹní afẹ́fẹ́ ń ṣe náà nìyẹn. Ní àwọn ọdún 1930, ní Ọsirélíà, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Ernest Smithers ṣe ẹní rọ́bà tí a ń fẹ́ bí bọ́ọ̀lù, ó sọ ọ́ ní Surfoplane, wọ́n sì ń fi í háyà fún àwọn tí ó wá ṣeré ní àwọn etíkun Sydney. Lẹ́yìn náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ tí a lẹ rọ́bà mọ́ nínú ṣe é. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò kì í fẹ́ ẹ títí yóò fi le bí pákó. A máa dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù díẹ̀, kí ó lè tẹ̀ mọ́ ìgbì bí ó ti ń yí. Àyà ni a fi ń sùn lé e, a ó fi ọwọ́ méjèèjì di igun iwájú mú, a ó sì máa fi ẹsẹ̀ na omi.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀pọ̀ ìyá kò mọ̀. Ẹní afẹ́fẹ́ kì í ṣe ohun tí ń gba ẹ̀mí là. Ìdérí rẹ̀ lè yọ, ó lè bẹ́ lára òkúta, ìgbì sì lè já a gbà lọ́wọ́ ọmọ ní ìṣẹ́jú kan. Ọmọ tí kò bá lè lúwẹ̀ẹ́ láìsí ẹní kò gbọ́dọ̀ gbé ẹní kọjá ibi tí omi ti kan orúnkún rẹ̀. Nítorí náà ìlúwẹ̀ẹ́ ni a ó kọ́kọ́ kọ́, kí a tó sọ̀rọ̀ ìgbì.

Níbo ni ọmọ Igbó-Ọrà yóò ti kọ́ ọ? Mo bẹ̀ yín, kì í ṣe nínú omi ìsédò Ọ̀yán tí wọ́n ṣí ní ọdún 1983, kì í sì í ṣe nínú odò tí kò ṣàn dáadáa. Àwọn ìgbín kéékèèké kan wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀ tí ń gbé kòkòrò ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀, èyí tí àwọn kan ń pè ní àtọ̀sí ajá. Kòkòrò náà a máa gba awọ ara wọlé nígbà tí ọmọ bá ń ṣeré nínú omi, àwọn olùwádìí sì ti rí àrùn náà dáadáa lára àwọn ọmọ tí ń gbé yí Ọ̀yán ká. Àwọn ará Ìbàràpá kò nílò kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wọn ohun tí omi lè gbé pamọ́. Sòbìà fi ojú Ìdẹ̀rẹ̀ àti àwọn àgọ́ oko rẹ̀ rí màbo fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí a fi ṣẹ́gun rẹ̀, tí a sì jẹ́rìí sí i ní ọdún 2013 pé Nàìjíríà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Adágún ìwẹ̀ tí a ń da oògùn sí ni ó yẹ ọmọ, irú èyí tí ó wà ní àwọn hòtẹ́ẹ̀lì Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, mo mọ̀. Ìyá mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè da owó pọ̀, kí wọ́n gba olùkọ́ kan fún àwọn ọmọ wọn nígbà ọlidé.

Nígbà tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n tán, ìrìn-àjò yá. Láti Igbó-Ọrà, ẹ ó wọ mọ́tò dé Abẹ́òkúta. Láti ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ lọ sí Èkó: ẹ wọ̀ ọ́ ní Láderín, ẹ sọ̀ ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta, ẹ sì sùn mọ́jú lọ́dọ̀ ẹbí, nítorí pé àárẹ̀ ìrìn kò dára fún ọmọ tí yóò wọ òkun.

Ẹ má ṣe wá Bar Beach tí àwọn ìyá yín sọ ìtàn rẹ̀ fún yín lọ. Nígbà tí ìjọba amúnisìn kọ́ ògiri òkúta sí ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó láàárín 1908 sí 1912, iyanrìn tí ìgbì ń kó láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn kò rí ọ̀nà kọjá mọ́. Ó ń kó jọ sí ìhà kan, òkun sì ń jẹ Bar Beach ní ìhà kejì lọ́dọọdún. Ní nǹkan bí ọdún 2009 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi iyanrìn dí ibẹ̀ láti kọ́ Eko Atlantic. Tarkwa Bay, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, ni ẹ ó lọ. Ògiri òkúta náà ni ó ṣíji bò ó, èyí tí ó mú kí omi inú rẹ̀ rọ̀ ju ti etíkun gbangba lọ. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe fíìmù The Endless Summer, èyí tí ó jáde ní 1966, wá gun ìgbì ní Nàìjíríà, àwọn ọ̀dọ́ Tarkwa Bay sì ti sọ ọ́ di iṣẹ́ ọwọ́ wọn lónìí.

N kò lè yin ibẹ̀ fún yín kí n sì fo èyí dá. Ní oṣù January ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ń gbé ibẹ̀ jáde, wọ́n ní àwọn kan ń bẹ́ ọ̀pá epo. Àwọn abiyamọ bí tiyín ni ó kó ìkòkò, ẹní àti ọmọ sínú ọkọ̀ ojú omi lọ́jọ́ náà láìmọ ibi tí ilẹ̀ yóò ṣú wọn sí. Etíkun náà ṣì ń gba àlejò. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹni tí ó dàgbà létí omi náà ni kí ẹ bi léèrè ibi tí ó léwu lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì san owó ìmọ̀ràn rẹ̀ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ọkọ̀ ojú omi nìkan ni ó ń dé ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ láìwọ ẹ̀wù agbẹ̀mílà. Ọmọ ọwọ́ kọ́ ni kí ẹ fi ọ̀já pọ̀n sẹ́yìn nínú ọkọ̀. Orí itan ni kí ó wà, kí ó wọ ẹ̀wù tí ó bá a mu, nítorí pé ọ̀já tí omi ti rin kì í tú bọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìró. Ìró dára lójú, ṣùgbọ́n bí ó bá mu omi, ó di ẹrù wúwo lẹ́sẹ̀. Ṣòkòtò tí ó fún mọ́ ara dé orúnkún àti ẹ̀wù alápá ni mo yàn fún ìyá tí yóò dúró nínú omi pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ó sì bo àṣírí ju ìró tútù lọ.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láàárín oṣù December sí February, ni ó dára jù fún ọmọdé. Àwọn ìgbì ńlá ìgbà òjò, ìjì òkun tí ó jìnnà réré ní gúúsù ni ó ń rán wọn wá. Síbẹ̀ ọyẹ́ ní ewu tirẹ̀: láti orí ilẹ̀ ni ó ti ń fẹ́, a sì máa gbá ẹní afẹ́fẹ́ lọ sí àárín òkun bí ewé. Lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ti ẹ̀yìn yín fẹ́ sí òkun, ẹ ká ẹní náà, kí àwọn ọmọ fi iyanrìn mọ ilé.

Ìgbì tí ó ti fọ́ tán, tí ó di ìhó funfun, ni ọmọdé ń gùn. Ẹ kíyèsí ibi tí ìgbì kò ti fọ́, tí ojú omi pa rọ́rọ́ láàárín ìhó ọ̀tún àti ti òsì. Ibi tí ìyá tí kò mọ̀ yóò yàn fún ọmọ rẹ̀ gan-an nìyẹn, ibẹ̀ ni ó sì léwu jù. Omi tí ìgbì kó wá sí ilẹ̀ níláti padà, a sì máa gba àlàfo àárín òkìtì iyanrìn abẹ́ omi sáré padà bí àgbàrá. Bí ó bá gbé ọmọ, kí ó má ṣe bá a jà. Kí ó di ẹní rẹ̀ mú, kí ó lúwẹ̀ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìbú etíkun, títí omi yóò fi jọ̀wọ́ rẹ̀, kí ó tó dojú kọ ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ èyí lórí ilẹ̀ gbígbẹ nílé, lórí ẹní lásán, títí yóò fi di eré lẹ́nu wọn.

Ẹ gbé mọ́ínmọ́ín àti omi mímu púpọ̀ lọ. Bí ẹ bá padà dé Igbó-Ọrà, ẹ fi omi lásán ṣan iyọ̀ àti iyanrìn kúrò lára ẹní náà, ẹ sá a sí abẹ́ òjìji, ẹ fi pàúdà ọmọdé pa á kí rọ́bà má baà lẹ̀ mọ́ra. Pupa tàbí àwọ̀ ọsàn ni kí ẹ rà. Búlúù a máa sọnù lójú òkun. Bí ó bá sì jẹ́ Táíwò àti Kẹ́hìndé ni ẹ bí, ẹ má ṣe ra ẹyọ kan pé wọn yóò jọ máa lò ó. Méjì ni kí ẹ rà, kí àwọ̀ wọn sì jẹ́ ọ̀kan náà.