Ojú Tí Kò Wo Kámẹ́rà

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti wà lára àwọn tí ń gba ènìyàn síṣẹ́ ní iléeṣẹ́ wa. Kí àrùn Kòrónà tó dé, olùwáṣẹ́ ní láti wọkọ̀ láti Ìlọrin tàbí Àkúrẹ́ wá bá wa ní Ìkẹjà. Nígbà tí òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní alẹ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020, a sá di Zoom. Ènìyàn ogún ní ọjọ́ méjì, láìsan owó ọkọ̀ ẹnikẹ́ni! Inú ọ̀gá wa dùn, tèmi náà dùn.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, a ń wá olùṣírò owó. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan yọjú láti Ṣakí. Òun ni ó gba máàkì jù nínú ìdánwò tí a ti kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Bí ó ti rí irun funfun orí mi, ó dojú bolẹ̀, kò sì wo kámẹ́rà títí a fi parí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni íntánẹ́ẹ̀tì já. Jẹnẹrétọ̀ ẹnìkan ń bú ramúramù lẹ́yìn rẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò nígboyà, pé ó jọ pé ó ń ka ìdáhùn láti inú ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ṣe jáde. Èmi tí mo máa ń bá àwọn ọmọ mi wí pé wọn kì í wo àgbà lójú!

Ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ HireVue ní ẹ̀rọ tí ń yẹ ìrísí ojú olùwáṣẹ́ wò nínú fídíò láti fi díwọ̀n rẹ̀. Àwọn ènìyàn figbe ta, iléeṣẹ́ náà sì kéde ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021 pé àwọn ti pa wíwo ojú tì. Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín ẹ̀rọ. Àṣé ara mi ni mò ń rín: kò sí ẹ̀rọ kankan tó bá mi fún ọmọ Ṣakí ní máàkì.

A kò fi Zoom sílẹ̀ o. Ta ni yóò tún kó ọmọ ọlọ́mọ sí ojú ọ̀nà márosẹ̀ nítorí ìbéèrè ìdajì wákàtí? Ṣùgbọ́n mo máa ń tẹ olùwáṣẹ́ láago lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí á kọ́kọ́ gbóhùn ara wa. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já, mo ń parí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọ̀gá wa ń kùn pé mò ń fi àkókò ṣòfò.

Mo wá ìwé ìwáṣẹ́ ọmọ náà rí níkẹyìn. Nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀ kò lọ mọ́.