Ohùn Àwọn Ọmọbìnrin Ṣakí

Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé àwọn ọmọbìnrin Òkè-Ògùn kò ní ohùn, kí ó jáde sí ojú pópó Ṣakí ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ ọdún méjìlá yóò ru igbá wàrà, yóò polówó rẹ̀ tí gbogbo àdúgbò yóò fi gbọ́, yóò sì bá àgbàlagbà ná ọjà láìfòyà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ kan náà yóò dìde ní kíláàsì, yóò fi ọwọ́ bo ẹnu, a kò sì ní gbọ́ ohun tí ó wí. Èyí yà wá lẹ́nu púpọ̀ nígbà tí a lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní ìlú náà.

Ohun tí a rí ni pé ẹ̀rín ni wọ́n ń bẹ̀rù, kì í ṣe ìwé. Bí ọmọbìnrin bá ṣi Gẹ̀ẹ́sì sọ, àwọn ọmọkùnrin a rẹ́rìn-ín; nígbà mìíràn olùkọ́ pàápàá a rẹ́rìn-ín (ẹ má bínú sí wa, ẹ̀yin olùkọ́ wa).

Nítorí náà, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá túká, a ń kó àwọn mẹ́rìnlá jókòó sí abẹ́ igi mángòrò fún wákàtí kan. A ní kí olúkúlùkù ta ọjà fún wa ní èdè Yorùbá: kí ó sọ iye tí ó rà á, èrè tí ó wà níbẹ̀, àti ìdí tí kò fi lè dín in kù mọ́. Ọ̀kan ta aṣọ òfì Ìsẹ́yìn fún wa tó bẹ́ẹ̀ tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ owó. Ìṣirò ni a ń ṣe, ṣùgbọ́n a kò pè é bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ni a tó yí i sí Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú òfin kan: ẹni tí ó bá rẹ́rìn-ín ni yóò sọ̀rọ̀ tẹ̀lé e.

A sọ ìtàn Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti fún wọn, ẹni tí ó wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí Abẹ́òkúta Grammar School gbà ní ọdún 1914. Nígbà tí òun náà di olùkọ́, ó kọ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà ní ìwé kíkà. Àwọn wọ̀nyí wà lára àwọn tí ó bá a kọ owó-orí obìnrin, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí oyè ní 1949. A rò pé ọ̀rọ̀ ọba ni yóò wù wọ́n jù. Ọ̀kan nínú wọn bi wá pé, "Tíṣà, ṣé ìyá mi náà lè wá kọ́ ìwé?"

Opó ni ìyá ọmọ yìí. Ó ti pinnu pé kí ọmọ náà fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní òpin ọdún, kí ó lọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ. A kò dá a lẹ́bi, nítorí ọjà tí ọmọ ń kiri wà lára ohun tí ilé fi ń jẹun. Nígbà tí a dé ilé wọn, ọmọ náà kò dúró de ọ̀rọ̀ wa. Ó kúnlẹ̀, ó ka owó ọjà ọ̀sẹ̀ náà fún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ọjọ́ méjì tí èrè kéré jù hàn án, pé kí ó yọ̀ǹda wọn fún òun láti kàwé. Ìyá náà dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní òun gbà fún ọdún kan sí i.

Nígbà tí àkókò wa pé, a fi àwọn mẹ́rìnlá náà lé àwọn ọmọbìnrin kíláàsì karùn-ún lọ́wọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n yí Ọjọ́bọ̀ padà sí Ọjọ́rú nítorí ọjà. Wọn kò bi wá.