Ẹni Tó Jókòó Sílé Wà Lẹ́nu Iṣẹ́

Bí àwọn ará àdúgbò kò bá rí ènìyàn kó gbé báàgì jáde láàárọ̀, wọn a gbà pé kò ríṣẹ́ ṣe ni. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún mi ní Òfìkì. Inú ilé ni mo ti ń kọ àròkọ, tí mo sì ń túmọ̀ ìwé sí èdè Yorùbá. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ló ń gbà jáde. Síbẹ̀, ìbéèrè tí àwọn àgbà ń bi mí kì í yí padà: “Ọmọ mi, ìjọba kò tíì gbà ọ́ síṣẹ́?”

Iṣẹ́ inú ilé kì í kúkú ṣe àjèjì ní Òkè-Ògùn. Ní Ìsẹ́yìn, ìlú aṣọ òfì, inú agboolé ni ọ̀pọ̀ ahunṣọ ń jókòó sí nídìí òfì wọn, ibẹ̀ sì ni ọmọ ti ń wo ọwọ́ baba kọ́ iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọn yóò lọ síbi iṣẹ́, nítorí aṣọ tó ń gùn sí i níwájú wọn ti jẹ́rìí. Iṣẹ́ tèmi ni kò ní aṣọ tí wọ́n lè fojú rí.

Àwọn ará ìlú ńlá ti tọ́ irú iṣẹ́ yìí wò. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ní kí àwọn ará Èkó, Ìpínlẹ̀ Ògùn àti Àbújá jókòó sílé nítorí àrùn kòrónà, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló gbé kọ̀ǹpútà wálé. Nígbà tí wọ́n sì yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lọ́dún 2023, owó ọkọ̀ fò sókè débi pé ẹni tí kò ní í wọkọ̀ lójoojúmọ́ mọ̀ pé òun jèrè.

Èrè tèmi ju owó ọkọ̀ lọ. Bí ọ̀rọ̀ kan bá rú mi lójú nínú iṣẹ́ ìtumọ̀, mo lè rìn lọ bá àwọn ìyá tó ń sá èlùbọ́. Wọn a ti sọ orúkọ nǹkan náà kí n tó béèrè tán. Bí gbogbo àwa tó kàwé bá kó lọ sí Ìbàdàn àti Èkó, ta ni yóò gba ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn lẹ́nu wọn?

Iná a máa lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì a máa ṣe ségesège. Ṣùgbọ́n ohun tó le jù ni kí ará ilé gbà pé iṣẹ́ ni. Mo ti sọ fún wọn pé láti aago mẹ́jọ sí aago méjì, bí ilẹ̀kùn mi bá wà ní títì, ibi iṣẹ́ ni mo wà. Lálẹ́, mo máa ń ka ohun tí mo kọ sí ìyá mi létí. Ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣiṣẹ́ nílé, ẹ jẹ́ kí àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbé rí aṣọ tí ẹ ń hun.